Omi Inú Fèrèsé

Gíláàsì fèrèsé tí Àkànmú gé ṣẹ́kù kó tó kú,
tí opó rẹ̀ ní kí n bá òun kó kúrò lọ́nà,
òun ni mo fi gọ́ọ̀mù dúdú lẹ̀ pọ̀.
Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi ń rọ omi sí i, tó ń jò.
Lọ́jọ́ kẹrin, kò jò mọ́.
Mo jókòó, mo ń wo omi lásán títí ilẹ̀ fi ṣú.

Ndágí ará Tápà ló bá mi gbọ́n wọn lódò Ọ̀bà,
lókè ibi tí ìjọba ti sé odò,
níbi tí koríko ti rì dé orúnkún.
Nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn ló fi gbọ́n wọn.
"Ọmọ epìyà rèé, Tíṣà. Kí lẹ fẹ́ fi ṣe?
Wọn ò tó ohun tí eyín ń mọ̀ lára."
Mọ́kànlélógún nínú ike bọ́tà,
ọ̀kọ̀ọ̀kan bí èékánná ọmọ jòjòló,
ojú nìkan ló hàn: ojú méjì tó ń lúwẹ̀ẹ́.

Mo gbé wọn lé itan nínú kẹ̀kẹ́ Máruwá
láti Ọ̀bà dé Ìsàlẹ̀ Ọrà,
kòtò kọ̀ọ̀kan, mo ń bẹ̀ wọ́n.
Mẹ́rin ti kú kí n tó délé.
Mẹ́tàdínlógún. Lóru ọjọ́ kan,
èyí tó yára dàgbà gbé méjì mì.
Mi ò bú u. Ebi odò ló bá a wọlé.
Ó ku mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ogún tó sọ márùn-ún nù:
ogójì ọdún ni mo fi kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní ìṣírò,
ẹja ló jẹ́ kí n gbọ́ àdánù tó wà nínú kíkà wa.

Pupa ẹyin sísè ni mo fi bẹ̀rẹ̀.
Lẹ́yìn náà, tanwíji, inú táyà ògbólógbòó
lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù fọganáísà ni mo ti ń bù ú.
Omi ẹ̀rọ ní oògùn nínú;
mo ń jẹ́ kó sùn mọ́jú kí n tó dà á fún wọn.
Àwọn ará ilé ń bi mí pé ọjọ́ wo la máa sè é.
Wọ́n ní tútù là á ká ẹja.
Èmi ò ká a o. Mo kàn ń wò ó ni.

Lóṣù Òkúdù, iná lọ fún ọjọ́ márùn-ún.
Ẹ̀rọ tó ń fẹ́ atẹ́gùn sómi dákẹ́.
Gbogbo wọn léfòó, wọ́n la ẹnu sókè
bí ọmọ kíláàsì tí kò gbọ́ ìbéèrè.
Mo mú ife, mo ń bù, mo ń dà,
mo ń bù, mo ń dà,
àkùkọ kọ, mo ń bù.
Méje ló rí iná padà.

Ọdún kejì, ọ̀kan nínú wọn kọ oúnjẹ.
Ọ̀fun rẹ̀ wú. Ó lọ fara pamọ́ sígun.
Mo ti tú ọ̀rá iyọ̀, mo ní àìsàn ni,
kí Adétóún, tí kì í ya ibẹ̀ rárá,
tó bẹ̀rẹ̀ wò ó.
"Ó kó ọmọ sẹ́nu ni. Ẹ gbé iyọ̀ yín kúrò."
Báwo lo ṣe mọ̀?
Kò dá mi lóhùn.
Mo wá rántí ọdún kan báyìí
tí òun náà kò sọ̀rọ̀, tí kò jẹun dáadáa,
tí èmi ń pè é ní ìgbéraga.

Lọ́jọ́ kejìlá, ẹja náà yanu.
Èéfín kékeré jáde, èéfín tó ní ojú.
Mo fọwọ́ kan gíláàsì Àkànmú,
wàrà, gbogbo rẹ̀ padà sẹ́nu ìyá.
Adétóún gbé àga wá sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi.
"Mélòó ni wọ́n, Tíṣà?"
A kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ.
Mo ní kó rọra sọ̀rọ̀.